Ìran Kò Tíì Tán: Ìlọ Ncuti Gatwa Kúrò Nínú Doctor Who àti Ìméfò Àwọn Òǹwòran

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ní ìparí ìpín tí wọ́n pè ní "The Reality War", òṣèré Ncuti Gatwa dúró sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bò ó, ó sì lọ. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà rọlẹ̀, ojú Billie Piper ni a rí. Báyìí ni sáà méjì tí Gatwa fi jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn nínú eré Doctor Who ṣe wá sí òpin. Ìlọ rẹ̀ kò ya ọ̀pọ̀ òǹwòran lẹ́nu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni àhesọ ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, tí àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń gbé e kiri: ṣé yóò lọ ni àbí yóò dúró? Bí ó bá lọ, ta ni yóò gba ipò rẹ̀? Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni ojú tí ó yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú tuntun náà ti di orísun ìméfò mìíràn.

Ìméfò yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ aláròyé ni, pé kò yẹ ní ohun tí onílámèyítọ́ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lé lórí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú eré yìí, bí òǹwòran ṣe ń retí ìlọ òṣèré ti di apá kan ìtàn náà láti ìgbà pípẹ́. Ìméfò tí ó ń bi ìtàn léèrè ọ̀rọ̀ lè là wá lójú. Ṣùgbọ́n irú mìíràn wà tí ó ń gba ojú wa kúrò lórí ìran tí ó wà níwájú wa, tí ó sì ń wọ inú ọkàn òṣèré lọ wá ìdí tí kò sí nínú eré. Ohun tí ó dùn mí ni pé ní ọdún 2025, eré náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ irú kejì yìí.

Fún àwọn tí kò tíì bá eré náà pàdé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ BBC kọ́kọ́ gbé Doctor Who jáde lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ìtàn àròsọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ẹni kan wà tí wọ́n ń pè ní Dókítà, tí ó ti ayé mìíràn wá, tí ó ń fi ọkọ̀ kan rìn kiri inú àkókò. Lóde, ọkọ̀ náà dà bí àpótí aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò láyé àtijọ́. Nínú, ó fẹ̀ ju ààfin lọ. William Hartnell ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó kó ipa Dókítà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1966, àìlera ti ń dà á láàmú, iṣẹ́ náà sì ti wúwo jù fún un.

Àwọn tí ń ṣe eré náà lè dá a dúró. Wọ́n sì lè wá ẹni tí ó jọ Hartnell, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé ohun kankan kò ṣẹlẹ̀. Wọn kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Wọ́n ní ara Dókítà ti gbó, ó sì tó àkókò tí yóò pa á dà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1966, ní ìparí ìtàn "The Tenth Planet", Dókítà ṣubú lulẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà di ojú Patrick Troughton, ẹni tí kò jọ ọ́ rárá. Ìpín yẹn ti sọnù nínú àkójọ BBC báyìí, ṣùgbọ́n lára ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ni ibi tí ojú ti yí padà gan-an. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àìsàn òṣèré kan ni ó bí ìparadà yìí, òun ni ó sì jẹ́ kí eré náà lè kọjá ọgọ́ta ọdún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní àtúnwá bíi tiwa. Babátúndé ń padà sínú ẹbí gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun tí yóò tún ìwà àti ọ̀rọ̀ kọ́. Dókítà ń dìde lójú ẹsẹ̀, àgbà ni, gbogbo ìrántí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àmọ́ ojú, ohùn àti ìṣesí rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Nínú ìtàn "The Power of the Daleks", tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, àwọn méjì tí ń bá Dókítà rìn, Ben àti Polly, wo àjèjì tí ó dìde nílẹ̀. Polly gbà pé òun kan náà ni. Ben kò gbà. Ó ń wò ó tìfura-tìfura, ó sì ń dán an wò. Gbogbo ìyèméjì tí òǹwòran ní nínú ilé rẹ̀ ni òǹkọ̀wé fi sí àwọn ẹ̀dá ìtàn lẹ́nu. Ìtàn náà béèrè ìbéèrè, ó sì fi ìṣe Dókítà tuntun dáhùn díẹ̀díẹ̀. Ìméfò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ìtàn ni ó ń gbé.

Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wo Doctor Who ti mọ̀ pé olú ẹ̀dá ìtàn yìí yóò lọ lọ́jọ́ kan. Nínú ọ̀pọ̀ eré mìíràn, ìlọ òṣèré jẹ́ jàǹbá tí ahunpọ̀ ìtàn ń sáré dí. Nígbà tí David Duchovny dín ipa rẹ̀ kù nínú The X-Files lẹ́yìn sáà keje ní ọdún 2000, àwọn òǹkọ̀wé ní láti sọ pé àwọn ará ayé mìíràn ni wọ́n gbé Mulder lọ, àwọn òǹwòran sì ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí ará ilé tí ó lọ sí oko tí kò dé. Nínú Doctor Who, ìlọ kì í ṣe jàǹbá. Ó wà nínú ètò. Nítorí náà, a kò lè dá òǹwòran lẹ́bi pé ó ń méfò. Eré náà ni ó kọ́ ọ.

Ìméfò náà sì ti so èso rere rí. Nígbà tí Tom Baker kéde ní ọdún 1980 pé òun ń lọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó dọ́gbọ́n sọ ọ́ pé obìnrin lè gba ipò òun. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kú. Ní gbogbo ìgbà tí àyè bá tún ṣófo ni àwọn olólùfẹ́ eré náà ń jiyàn lé e lórí: kí ni ó sọ Dókítà di Dókítà? Ṣé ọkùnrin tí ó jẹ́ ni, àbí ìwà àánú àti ìfẹ́ ìmọ̀ rẹ̀? Kí ni ó lè yí padà lára ẹ̀dá ìtàn tí yóò ṣì máa jẹ́ ara rẹ̀? Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2017, nígbà tí wọ́n kéde Jodie Whittaker, àwọn ènìyàn ti ń ro ìbéèrè náà fún ọdún 37. Mo ka àríyànjiyàn yẹn sí lámèyítọ́ gidi, bí àwọn tí ń ṣe é kò tilẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ náà ni àwọn ń ṣe. Ìtàn ni wọ́n ń bi léèrè.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà korò. Ní ọdún 1986, wọ́n yọ Colin Baker kúrò nínú iṣẹ́. Ó kọ̀ láti padà wá ṣe ìran ìparadà, Sylvester McCoy sì ní láti dé irun àtọwọ́dá aláwọ̀ wúrà, kí ó dùbúlẹ̀ ní ipò ẹni tí ó ti lọ, kí ìmọ́lẹ̀ lè bo ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ìran náà lónìí yóò rí ọgbẹ́ ènìyàn gidi lábẹ́ irun yẹn. Bí ìtàn ti lè gbọ́n tó, kò lè fi ìlọ òṣèré pamọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ Christopher Eccleston ni ó burú jù. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí eré náà kò ti jáde léraléra, òun ni ó gbé e padà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2005. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìròyìn jáde pé sáà kan ṣoṣo ni yóò ṣe. Àwọn òǹwòran kò tíì mọ ojú rẹ̀ dáadáa tí wọ́n ti ń ka ọjọ́ ìlọ rẹ̀. BBC gbé ọ̀rọ̀ jáde ní orúkọ rẹ̀ láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń lọ. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé àwọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí àwọn tó fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń tún ọ̀rọ̀ tí kò sọ yẹn sọ gẹ́gẹ́ bí ìdí ìlọ rẹ̀. Nígbà tí ìparadà rẹ̀ dé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, nínú ìran tí ó rẹwà tí ó sì kún fún ìfara-ẹni-rúbọ, ìyàlẹ́nu tí ìtàn náà tọ́jú ti bọ́ sọnù. Ìméfò ti gba ipò ìtàn, ó sì ti sọ ọ̀rọ̀ lórúkọ ènìyàn tí ó wà láàyè.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn ni mo fẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Gatwa. Ilẹ̀ Rùwáńdà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1992. Nígbà ìpakúpa ọdún 1994 ni ẹbí rẹ̀ sá lọ sí Scotland, ibẹ̀ ni ó dàgbà sí, ó sì kọ́ṣẹ́ eré ṣíṣe ní Glasgow. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n kéde rẹ̀: aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé eré náà lé lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí olú ẹ̀dá ìtàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Jo Martin ti fara hàn ní ọdún 2020 gẹ́gẹ́ bí ojú Dókítà kan tí ìtàn ti gbàgbé. Sáà méjì ni Gatwa ṣe, ìpín mẹ́jọ-mẹ́jọ, pẹ̀lú ìpín ọdún Kérésìmesì méjì. Kí sáà kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ariwo ìlọ rẹ̀ ti bo ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo ìpín kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ojú ọ̀run láti mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀: ṣé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìdágbére? Ṣé bí ó ṣe wo ẹnìkejì rẹ̀ yẹn kò nítumọ̀?

Láàárín ariwo yìí ni ìpín "The Story & the Engine" jáde ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún. Inua Ellams, akéwì àti òǹkọ̀wé eré tí wọ́n bí ní Jos, ni ó kọ ọ́. Òun náà ni ó kọ eré orí ìtàgé Barber Shop Chronicles, tí ó so àwọn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ mọ́ ti Èkó, Àkúrá àti àwọn ìlú Áfíríkà mìíràn. Èkó ni ibùdó ìtàn ìpín yìí. Dókítà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀, Omo, ó sì ṣàlàyé fún Belinda tí ń bá a rìn pé láti ìgbà tí ara òun ti di dúdú, ibòmíràn wà láyé tí wọn kì í gba òun bí wọ́n ti ń gba òun tẹ́lẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ará ilé ni òun. Ìgbà mélòó ni eré sáyẹ́ǹsì láti Yúróòpù ti fi ìlú Yorùbá ṣe ibi tí akọni rẹ̀ ti ń sinmi? Ní tèmi, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ibi ìsinmi náà ti di ẹ̀wọ̀n. Onígbàjámọ̀ àjèjì kan ti gba ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ti so ó mọ́ ẹ̀yìn aláǹtakùn ńlá kan. Ìtàn tí àwọn oníbàárà ń sọ bí ó ti ń gẹ irun wọn ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ. Bí ìtàn bá ti tán, irun á tún hù, ẹnìkan á sì tún jókòó. Kò sí ẹni tí ó lè jáde. Omo fúnra rẹ̀ ni ó ta Dókítà fún onígbàjámọ̀ yìí, nítorí ó mọ̀ pé ìtàn ọ̀rẹ́ òun pọ̀. Ẹ wo bí Gatwa ṣe ṣe ìran ìdàlẹ̀ yẹn: inú bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn ni ó pọ̀ jù lójú rẹ̀, ẹ̀dùn ẹni tí a ta nínú ilé kan ṣoṣo tí kò ti nílò láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Lójú mi, ibẹ̀ ni ó ti ṣeré dáadáa jù nínú sáà méjèèjì.

Ọ̀nà àbájáde wà nínú irun. Abby, ọmọ Anansi, di irun Dókítà, ó sì fi irun dídì náà ya àwòrán ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ nípa àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú. Nígbà tí Dókítà dé ibi tí ẹ̀ńjìnnì wà, ó fún un ní ìtàn kan tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ: ìtàn ẹni tí a bí, tí ó kú, tí a tún bí. Gbogbo ojú tí ó ti ní rí yọ sórí fèrèsé. Ẹ̀ńjìnnì náà jẹ ẹ́ títí, kò rí òpin rẹ̀, agbára rẹ̀ sì pin.

Ohun tí àwọn òǹwòran ń wá kiri ni Ellams gbé síwájú wọn níbẹ̀. Ó ti sọ ìdí tí ìlọ òṣèré kò fi ń pa Dókítà. Ó ti sọ pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá sọ ìtàn ẹlòmíràn di oúnjẹ ẹ̀ńjìnnì, ẹlẹ́wọ̀n ni yóò sọ onítàn náà dà. Síbẹ̀, àmì ìlọ Gatwa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá nínú ìpín náà. Wọ́n rí àwọn ojú àtijọ́ lórí fèrèsé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò èwo nínú wọn ni yóò padà wá. Ìran Èkó kọjá níwájú wọn, ojú wọn wà níbòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìlọ dé. Ìdí tí ìtàn fún un kò burú: Dókítà fi agbára ẹ̀mí rẹ̀ tún ayé ṣe kí ọmọdébìnrin kékeré kan, Poppy, lè padà wà láàyè. Kí ọkùnrin gba ikú nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ti gbàgbé, ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ni. Ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní ààyè. Kò pẹ́ tí a ti ń rò ó pé ogun ti parí ni ó rántí ọmọ náà, kò sì pẹ́ tí ó rántí rẹ̀ ni ó lọ. Hartnell ní ìtàn kan odindi tí ara rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lójú wa. Gatwa, tí ayọ̀ kún gbogbo ara rẹ̀ ní gbogbo sáà rẹ̀, kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti jẹ́ kí á rí i bí ó ti ń gbà pé ó tó.

Lẹ́yìn náà ni ojú Billie Piper yọ, ojú tí àwọn òǹwòran mọ̀ dáadáa, nítorí òun ni ó ṣe Rose Tyler ní ọdún 2005 àti 2006. Nínú orúkọ àwọn òṣèré tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọn kò kọ ipa tí ó kó. Níbí ni mo ti bá àwọn tí ń ṣe eré náà wíjọ́. Ní ọdún 1966, wọ́n fi ìyèméjì sí Ben àti Polly lẹ́nu, ìtàn sì ń tẹ̀ síwájú ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọdún 2025, wọ́n ju àlọ́ sáàárín ọjà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹ̀dá ìtàn kankan tí yóò béèrè, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún náà dé, BBC kéde pé àjọṣe òun àti Disney lórí eré náà ti parí, àti pé ìpín Kérésìmesì ọdún 2026 ni ó kàn. Odindi ọdún kan ààbọ̀ tí kò ní ju ìméfò lọ nínú nìyẹn. Eré tí ó fi ọgbọ́n bo ìlọ ọkùnrin aláìsàn kan láyé ọjọ́un ti wá sọ ìlọ di ọjà fúnra rẹ̀. Orúkọ Gatwa sì tètè kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn ní alẹ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ tirẹ̀, nítorí ìbéèrè tuntun ti bo iṣẹ́ tí ó ṣe mọ́lẹ̀.

Àwa tí a ti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wá kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ ojú tí ó yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbé e. A mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń dárúkọ ọkùnrin tí ó wà lábẹ́ eégún. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yàtọ̀: ẹni tí ó gbé igi kì í ṣe àṣírí, ìyá rẹ̀ lè wà lára àwọn tí ń wòran, àwọn ènìyàn sì lè kí i kú iṣẹ́ nígbà tí ó bá ṣí ojú. Bí ó bá di ọdún mìíràn, ẹlòmíràn lè gbé igi kan náà. Àwọn àgbà máa ń jiyàn lẹ́yìn ijó nípa ẹni tí ó mọ ọ́n jó jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlù bá ń lọ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ oníjó ni wọ́n ń wò, etí wọn wà lára ìyáàlù. Kò sí ẹni tí ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí agbo láti béèrè ta ni yóò gbé igi lámọ̀ọ́dún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó kọ lámèyítọ́ lórí fíìmù àti eré orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, n kò ní kí ẹ má méfò. Ẹ máa méfò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ti inú ìtàn jáde, kí ó sì lè padà síbẹ̀ láti wá ẹ̀rí. Ìdí tí òṣèré fi lọ, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá sì tíì wo ìpín Èkó yẹn, kí ó lọ wò ó, kí ó gbàgbé fún ìṣẹ́jú 45 pé ẹni tí ó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ náà ti lọ. Nínú ìran yẹn, kò tíì lọ síbì kankan. Wọ́n ń di irun rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ní ìtàn tí ó fẹ́ sọ.